Wákàtí Tí Mo Fi Lóṣòó

Ọkùnrin tó wọ awò ojú náà kò tilẹ̀ gbójú sókè:
"Ọwọ́ rẹ ti kan aláìsàn rí?"
Mo ní mo gba A nínú Bàọ́lọ́jì.
Ó ní òun ò bi mí léyìí.
Mo gbé fáìlì mi, mo wọ ọkọ̀ padà sílé,
láti Òkèṣà títí dé Ìrójò
n kò mọ irú ẹni tó jókòó tì mí.

Òṣómàáló ni bàbá ìyá mi.
Aṣọ ló ń tà láwìn, títí dé Ọ̀fà.
Bí onígbèsè bá ń fòní dónìí, tó ń fọ̀la dọ́la,
a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀,
oòrùn a pa á, òjò a pa á,
kò ní í dìde títí owó yóò fi wọlé.
Gbèsè tèmi yàtọ̀.
Ẹgbẹ̀rún wákàtí ni wọ́n ní kí n lọ mú wá,
wákàtí lọ́dọ̀ aláìsàn,
kí n tó padà wá gba fọ́ọ̀mù.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹrin ni mo ti kọ́kọ́ lóṣòó,
Jíìkì nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, àkísà lọ́wọ́,
ẹ̀jẹ̀ aboyún kan láti Ìbòdì
ti gbẹ mọ́lẹ̀ bí ọ̀dà.
Nọ́ọ̀sì Fọ́yèkẹ́ dúró lé mi lórí:
"Má fi omi gbígbóná sí i, yóò dì.
Omi tútù ni ẹ̀jẹ̀ ń fẹ́."
Kò sí èyí nínú Bàọ́lọ́jì mi.

Mo ra ìwé olójú-ewé ogójì,
mo fi bíárò pupa fa ìlà sí i: ọjọ́, wákàtí, iṣẹ́.
Ọjọ́rú, mẹ́jọ: mo da póò, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Ọjọ́bọ̀, méjìlá: mo da póò, mo wọn ìfúnpá
fún ìgbà àkọ́kọ́. N kò gbọ́ nǹkan kan,
ọkàn ara mi ló ń lù mí létí.
Mo purọ́ nọ́ńbà.
Fọ́yèkẹ́ wò ó, ó wò mí, ó ní:
"Tún un wọ̀n. Ẹni tó ni apá yìí ní ìyàwó."

Bàbá Ìlọ́rí, kápẹ́ńtà láti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà,
àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ìdajì ara rẹ̀,
kò gba ojú tó fi ń mọ igi tó wọ́.
Tọ̀sán-tòru ló ń fi ọwọ́ òsì lu ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì:
"Ó ń fì. Ó ń fì."
Dókítà ní òòyì ni,
wọ́n fi oògùn òòyì kún oògùn rẹ̀.

Lóru ọjọ́ kan, epo jẹnẹrétọ̀ tán,
ọyẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé,
mo fi iná fóònù yẹ ìsàlẹ̀ wò:
ẹsẹ̀ kan kúrú ju mẹ́ta yòókù lọ.
Kò sí páálí nítòsí.
Mo ya ewé kan nínú ìwé mi, mo ṣẹ́ ẹ po lọ́nà mẹ́rin,
mo lóṣòó, mo tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ náà.
Bàbá mí kanlẹ̀.
Ó sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ bá a.

Wákàtí mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló wà lára ewé yẹn.
Nígbà tí mo fi máa rántí,
Jíìkì ti jẹ gbogbo bíárò pupa, ìwé ti di ẹ̀kọ.
Fọ́yèkẹ́ ní, "Kọ ẹgbẹ̀rún, n ó bu ọwọ́ lù ú.
Ta ni yóò kà á?"
Mo gbé bíárò. Mo gbé e kalẹ̀.
Mo ti purọ́ nọ́ńbà rí nílé yìí.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni fọ́ọ̀mù yóò parí.
Bàbá Ìlọ́rí ti fi ọ̀pá rìn lọ sílé,
ọmọ rẹ̀ kó iṣu mẹ́fà wá, méjì ti rà.
Ọmọ iléèwé kan ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin báyìí,
ibà ń gbọ̀n ọ́n.
Mo mú páálí tuntun, mo lóṣòó.
"Àǹtí, kí lẹ ń wá lábẹ́ mi?"
Mo ní kó na apá.
Mo fi etí sílẹ̀, mo dúró,
mo gbọ́ ọ: tirẹ̀ ni,
kì í ṣe tèmi.